Kòtè díndín tó mú ara yún wa: ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí ẹja tútù rírà l'Abẹ́òkúta

Ayaba_Ìbarà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá. Kòtè ni mo rà lọ́jà. Mo fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo dín in títí tó fi gbẹ dáadáa, mo sì dà á sínú ọbẹ̀ ata. A ò tíì kó abọ́ kúrò nílẹ̀ tán tí ojú bàbá àwọn ọmọ fi pọ́n, ọrùn rẹ̀ lé wúruwùru, ó ní orí ń fọ́ òun. Kò pẹ́ ni àbúrò mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Àyà tèmi ń lù kìkì. Àwọn ọmọ tó jẹ ẹyin, nǹkan kan ò ṣe wọ́n.

Ìyá ọkọ mi ní ẹja ni ara wa ò gbà, ká má jẹ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré la ti ń jẹ kòtè! Ṣé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ara àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ ọ́ ni? Ẹja náà ò rùn, kò sì korò lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa sọ ọmọ àbúrò ọkọ mi lórúkọ, èmi ni wọ́n sì gbé ẹja rírà lé lọ́wọ́: páálí Titus kan, edé tútù àti akàn. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ló ṣe wá gan-an, báwo lẹ sì ṣe ń ra tiyín?

ỌmọLíṣàbí

Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ó dà bíi pé inú ti ń bí ẹja yẹn kí ẹ tó rà á. Àbí Sniper, òògùn apakòkòrò yẹn, ni wọ́n fi sí i? Mo gbọ́ pé bí eṣinṣin ò bá bà lé ẹja, kí èèyàn sá.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀbà

ỌmọLíṣàbí, ó tó báyìí o.

Ma, ohun tí ẹ sọ yìí, histamine ló jọ lójú mi. Àwọn ẹja bíi Titus, kòtè, ṣáwá àti tuna ní èròjà kan lára tí wọ́n ń pè ní histidine. Tí ẹja bá kú tí kò tètè rí òtútù, tàbí tí òtútù fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, àwọn bakitéríà kan, Morganella morganii wà lára wọn, á máa sọ histidine yẹn di histamine. Histamine kan náà ni ara wa fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde nígbà tí nǹkan kan ò bá bá a mu. Ìdí tó fi jọ pé ẹja ni ara yín ò gbà nìyẹn.

Ibi tó ti burú ni pé iná ò ràn án. Ẹ dín in, ẹ yan án, ẹ sè é láti àárọ̀ dalẹ́, bakitéríà á kú, histamine á wà níbẹ̀. Fírísà náà ò lè yọ ọ́ kúrò. Ẹja ọ̀hún lè má rùn rárá. Àwọn kan tó jẹ irú rẹ̀ máa ń sọ pé ó ń ta àwọn lẹ́nu bí ata. Nínú ọbẹ̀ tiwa tí rodo pọ̀ nínú rẹ̀ ńkọ́, ta ló fẹ́ fura?

Bí ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀: tó bá jẹ́ pé ara ẹnì kan ni kò gba ẹja, òun nìkan ló sábà máa ń ṣe, gbogbo ìgbà tó bá sì jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ ló lè ṣe é. Tó bá jẹ́ histamine, àwọn tó jẹ nínú ìkòkò kan náà ló máa ń mú pọ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan tàbí méjì, tó bá sì di ọjọ́ kejì ó sábà máa ń ti lọ. Òògùn ara yíyún irú Piriton máa ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tàbí tí èémí ò já gaara, ẹ má jókòó sílé máa wòran, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Ayaba_Ìbarà

Háà! Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìgbà tí mo fẹ́ rà á, ẹja yẹn ti rọ̀ pátápátá lórí tábìlì. Ìyá náà ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú kóòdù-rúùmù ni.

Ẹlẹ́ja_Kútọ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń jẹun nídìí ẹ̀ sọ tèmi.

Púpọ̀ nínú Titus àti kòtè tí à ń tà l'Abẹ́òkúta, òkè òkun ló ti ń bọ̀. Ó ti dì gbagidi kó tó gúnlẹ̀ l'Ékòó. Ó wọ kóòdù-rúùmù níbẹ̀, ọkọ̀ gbé e wá síbí, ó tún wọ kóòdù-rúùmù míì kó tó dọ́wọ́ èmi. Ìwọ̀n òtútù −18°C ló yẹ kó wà ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe ojú òkun ló ti sábà máa ń bàjẹ́, ọ̀dọ̀ wa níbí ni. Iná ọba lọ lóru, dísù ti gbówó lórí, ẹni tó ni kóòdù-rúùmù ní ó di àárọ̀ kóun tó tan jẹnẹrétọ̀. Páálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà rọ̀. Iná dé, ó tún dì. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó le koko, ẹ ò lè mọ̀ pé ó ti rọ̀ rí.

Èmi máa ń ya páálí wò kí n tó sanwó. Bí ẹja bá ti rọ̀ rí, omi ara rẹ̀ tó ṣàn jáde á ti dì sí ìsàlẹ̀ páálí, á pọ́n díẹ̀, á sì lẹ ẹja mọ́ra wọn di òkìtì kan. Páálí fúnra rẹ̀ á ní àpá omi, igun rẹ̀ á ti rọ̀. Ibi kejì tí mo máa ń wò ni ikùn. Titus tó ti rọ̀ tí wọ́n tún mú dì, ikùn rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ojú ẹja, ojú ẹja. Ẹja tí ò tíì wọ yìnyín rí ni kẹ́ ẹ wo ojú fún, ti dídì, ojú rẹ̀ lè ṣú díẹ̀ bó ti wù kó dára tó. Tó bá ti yọ́, ẹ ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tó fi ń mí, kó pọ́n, kó má ṣe rí bí omi ẹrẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ibẹ̀ bá jin tí kò padà, ẹ gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, òmíì á yege gbogbo ìyẹn, histamine á sì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí fírísà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú yín ni kẹ́ ẹ ti máa rà.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ tiyín náà, ẹ̀yin oníbàárà. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, èyí le jù, mi ò ríbi gé." Nítorí yín la ṣe ń kó o sórí tábìlì láti àárọ̀ tí à ń bu omi wọ́n ọn kó lè máa dán. Omi inú báfù yẹn, ẹja àárọ̀ la fi ọwọ́ fọ̀ nínú rẹ̀, òun náà la tún ń wọ́n sórí tọ̀sán. Ẹ ra èyí tó dì, ẹ lọ yọ́ ọ nílé. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ra ẹja, tẹ́ ẹ máa wá gbé e sínú ọ̀rá káàkiri Kútọ̀, ẹ dé ọ̀dọ̀ aláta, ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran, ẹ tún ya Ìtòkú lọ ná àdìrẹ. Ẹja ni kẹ́ ẹ rà kẹ́yìn.

ỌmọLíṣàbí, eṣinṣin kì í ṣe wolé-wolé. Ẹja tó bá tutù nini, eṣinṣin kì í fi bẹ́ẹ̀ bà lé e. Èyí tí eṣinṣin sì ṣù bò náà kì í ṣe ẹja gidi. Ọ̀rọ̀ Sniper, ti ẹja gbígbẹ ni wọ́n sábà ń sọ ọ́ mọ́, òótọ́ sì ni pé àwọn aláìláàánú kan ń ṣe é. NAFDAC ti pariwo rẹ̀ títí.

Arúgbó_Olúmọ

Gbogbo fírísà, fírísà yìí. Àwọn ìyá wa ò ní iná ọba, wọ́n jẹ ẹja, wọ́n sì dàgbà dógbó. Iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń pa gbogbo kòkòrò yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà

Ẹ kú àgbà, bàbá. Ìmọ̀ nípa ẹja ni mò ń kọ́ ní FUNAAB, ẹ gbà mí láyè díẹ̀, sà.

Àwọn ìyá yín ra ẹja lọ́wọ́ apẹja odò Ògùn láàárọ̀, wọ́n sè é lọ́sàn-án. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á yan án gbẹ lórí ààrò. Ẹja wọn ò rìnrìn àjò òkun, kò sì rọ̀ kó tún dì.

Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń mú òórùn kúrò, ó ń dín yíyọ̀ ara ẹja kù. Ẹ má gbára lé e ju ìyẹn lọ. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Peru ní 1991, ceviche wà lára oúnjẹ tí wọ́n fura sí. Ẹja tí wọn ò sè rárá ni, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sí.

Ẹbí Vibrio ni bakitéríà onígbáméjì, Vibrio cholerae. Ó ní àwọn arákùnrin tó fẹ́ràn omi òkun àti omi ọ̀sà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì dìgbà tí ẹnì kan bá da ìdọ̀tí sómi kí wọ́n tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ nilé wọn. Vibrio parahaemolyticus ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní Japan ní 1950, nígbà tí ẹja wẹ́wẹ́ kan ṣe àwọn èèyàn léṣe ní Osaka: 272 ló ṣàìsàn, 20 kú. Edé àti akàn tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ àti etí òkun, ẹ gbà pé ó lè wà lára wọn, kẹ́ ẹ sì sè é bẹ́ẹ̀. Ohun rere tó wà nínú ọ̀rọ̀ ti Vibrio ni pé iná ń pa á. Kí oúnjẹ gbóná dé 70°C ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ó parí.

Àárín 5°C sí 60°C ni bakitéríà ti máa ń rí ààyè bí sí i. Ooru wa níbí bọ́ sí àárín náà gẹ́lẹ́. Níbi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ẹyọ kan lè di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ẹyọ kan ṣoṣo ní aago mẹ́wàá àárọ̀ á ti lé ní 4,000 ní aago méjì ọ̀sán. Yìnyín ò pa wọ́n, ó kàn ń fún wọn ní oorun sùn ni. Bí ẹja bá ti yọ́, wọ́n jí.

Arúgbó_Olúmọ

Ọmọ yìí, o káre. Èmi ò ní yé fi ọsàn fọ tèmi o.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà

Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ, sà. Kó ṣáà dé inú iná.

Ìyá_Olóúnjẹ_Láfẹ́nwá

Ayaba, òde ńlá ni mò ń se oúnjẹ fún, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe páálí Titus tó bá jẹ́ tòde.

Mi ò kí ń rà á ṣáájú tó bá jẹ́ pé iná àdúgbò mi ò dá mi lójú. Mo lè fi owó dì í mú, kí ẹja má kúrò nínú kóòdù-rúùmù títí di ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú òde. Mo máa ń gbé kúlà ńlá lọ, yìnyín á wà ní ìsàlẹ̀, á wà lókè. Tí mo bá délé, mi ò kí ń tú gbogbo páálí sílẹ̀ pa pọ̀. Páálí kílò 20 kì í ṣe nǹkan tí ẹni mélòó kan lè gé tán kí oòrùn tó gùn. Ìlàjì wà nínú kúlà, ìlàjì wà lọ́wọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́, inú omi tútù la ti ń yọ́ ọ, tòun ti ọ̀rá tí a dì lẹ́nu. Omi gbígbóná? Rárá o. Ara rẹ̀ á ti gbóná, inú rẹ̀ á ṣì dì, bakitéríà ara rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má sì gbé e sínú oòrùn. Ẹni tó bá ní fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ lè gbé díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́jú, kó wà nínú abọ́ kí omi rẹ̀ má kán sórí nǹkan míì.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jà ni pátákó àti ọ̀bẹ. Wọ́n á gé ẹja tán, wọ́n á da omi ṣan pátákó, wọ́n á gé kùkúḿbà fún sàláàdì lórí rẹ̀. Ata tí a lọ̀ ń bọ̀ wá jinná dáadáa, kò níṣòro. Kùkúḿbà ò rí iná títí tó fi dé ẹnu àlejò! Nítorí náà mo ya pátákó sọ́tọ̀, mo fi àmì pupa sí tẹja. Báfù tí a fi fọ ẹja ò gbọdọ̀ gba ẹja díndín. Kànrìnkàn tí a fi fọ̀ ọ́ kò tún padà sórí abọ́ ìjẹun. Ẹni tó bá ní egbò lọ́wọ́ tàbí tí inú ń ṣí, mo máa ń ní kó lọ máa to àga.

Ẹja díndín, bí a bá ti ń dín in tán là ń gbé e sínú ọbẹ̀ tó ń hó, a ò tò ó sórí atẹ kó máa dúró de ọbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n á parí àdúrà. Wákàtí méjì ni mo fún oúnjẹ tó wà níta láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀbà

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ egbò yẹn. Bakitéríà Staphylococcus ń gbé inú imú àti ara awọ èèyàn, ó sì pọ̀ nínú egbò tó ní ọyún. Bó bá dé orí ẹja díndín tó sì jókòó síbi tó gbóná, á pọ oró sínú rẹ̀, gbígbóná ọbẹ̀ lálẹ́ kò sì lè pa oró yẹn. Ọ̀pọ̀ èébì tó ń tẹ̀ lé òde, tó mú àwọn èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀, irú rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ gbọ́ tiyín. Bí egungun ẹja tàbí èékánná akàn bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Vibrio vulnificus lè gba ojú egbò wọlé. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣàwàdà: nínú ẹni márùn-ún tó bá mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ń kú. Ó burú fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò dá tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ọwọ́ tó bá ń wú, tó ń pọ́n, tó ń ro, tí ó sì ń ràn lọ sókè láàárín wákàtí díẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe àgbo.

Bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lẹ́yìn òde, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa mu. Bí ẹ ò bá rí ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, inú sáṣẹ́ẹ̀tì rà: omi inú ọ̀rá 50cl méjì, ìyẹn lítà kan, síbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ẹ rẹ́ lórí, ààbọ̀ síbí tíì iyọ̀. Kí iyọ̀ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sáré lọ ra Flagyl. Flagyl ò ràn Vibrio. Kápúsù tí a ń já sẹ́nu láìyẹ̀wò ló ń kọ́ bakitéríà bí wọ́n ṣe ń borí òògùn. Bí ìgbẹ́ bá ti rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, tí ojú ọmọ sì ti jin, ẹ má dúró kí omi iyọ̀ àti ṣúgà tó tán.

Ẹ tún bá mi wo àwọn aboyún tó bá wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹja yíyan tó ti wà nínú fíríìjì tipẹ́, ẹ má fún wọn láìgbóná. Bakitéríà kan wà, Listeria, tó ń bí sí i nínú fíríìjì pàápàá, ó sì lè ba oyún jẹ́.

Bàbá_Adágún

Ẹ ṣáà ra ẹja àrọ̀ òòyẹ̀, kí gbogbo wàhálà yìí dín kù. Ó ń ta pútú lójú yín, wọ́n pa á lójú yín. Ọ̀rọ̀ histamine náà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń sìn ín ní ìbéèrè méjì. Kí ló ń fún un jẹ? Àwọn kan ń da òkú adìẹ àti ìfun adìẹ sínú adágún, bakitéríà Salmonella sì lè ti ibẹ̀ wọlé. Ìgbà wo ló fi òògùn sínú omi kẹ́yìn? Òògùn agbógunti bakitéríà ní iye ọjọ́ tó yẹ kó fi kúrò lára ẹja kí wọ́n tó tà á. Tí ẹ bá fẹ́ la ikùn rẹ̀, ẹ rọra, ẹ má gé ìfun já sórí ẹran ara rẹ̀.

Ayaba_Ìbarà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹja àrọ̀ ò lè tó fún òde yìí, owó tí wọ́n kó jọ, ti Titus ni. Akàn àti edé ńkọ́? Wọ́n tún ní kí n ra edé gbígbẹ fún ẹ̀fọ́.

Ìyá_Olóúnjẹ_Láfẹ́nwá

Akàn, ààyè ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tó bá ti kú sínú agbọ̀n, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ara rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ sè é nínú omi tó ń hó títí gbogbo igbá rẹ̀ á fi pọ́n, kí ó sì hó dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí mo ti rí níbi òde kan rèé: wọ́n sè é jinná tán, wọ́n wá dà á padà sínú agbọ̀n tó gbé ààyè rẹ̀ wá, tòun ti omi ọ̀sà tó ṣì ń kán nídìí agbọ̀n. Kí wá ni wọ́n sè é fún?

Edé tútù, ẹ yọ orí rẹ̀ àti ìfun dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e wọ yìnyín títí ọbẹ̀ á fi hó. Á pọ́n, ara rẹ̀ tó rí bíi jíǹgí á di funfun. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì rí bíi jíǹgí, kò tíì jinná.

Edé gbígbẹ, wọ́n máa ń sá a sí etí títì. Ẹ ṣà á, ẹ gbọn yẹ̀ẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín. Ẹ dà á sínú ẹ̀fọ́ nígbà tó ṣì ń hó. Àwọn kan máa ń wọ́n ọn sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, pé á ta sánsán. Èmi ò gbà á.

Ẹlẹ́ja_Kútọ̀

Ayaba, ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ wá fún páálí Titus yẹn. Á jẹ́ èyí tí mo yà wò níwájú yín. Bó bá ní àpá omi, ẹ má gbà á, a ò ní jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kúlà wá o. Bí mo bá rí yín pẹ̀lú Ghana-must-go, mi ò ní tà á fún yín.

Ayaba_Ìbarà

Kúlà méjì ni mò ń gbé bọ̀, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín owó rẹ̀ fún mi.

Ẹlẹ́ja_Kútọ̀

Yìnyín ni màá fi jin yín. Owó dúró síbẹ̀.